Ẹ wọn omi kí ẹ tó gbé ṣọ́bìrì: ìdáhùn fún akọ̀wé kan lórí kánáàlì àtijọ́

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́, nítorí àwọn tí ò tíì kà á. Ìlú yín ò jìnnà sí Ọ̀fà. Kánáàlì kan wà níbẹ̀ tí àwọn àgbà ní ó ti wà kí ìjọba òyìnbó tó kógbá wọlé. Omi máa ń tinú ìsédò kékeré kan gba inú rẹ̀ lọ sí oko àkùrọ̀, ó sì gùn tó kìlómítà mẹ́ta. Ó ti lé ní ogún ọdún tí omi ti gbabẹ̀ kẹ́yìn. Igbó ti bò ó, ẹrẹ̀ ti dí i, àwọn kan sì ti kọ́lé lé e lórí ní ìsàlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yín wá rí fídíò kan lórí fóònù, bí àwọn ará Ìlú Ọba ṣe fọwọ́ ara wọn tún kánáàlì tó ti di ahoro ṣe, tí ọkọ̀ tún ń rìn nínú rẹ̀. Ìbéèrè yín ni pé: ṣé ẹ̀yin náà lè ṣe é, níbo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ sì lè fi ọkọ̀ sí i kí àlejò máa wá?

Ẹ lè ṣe é. Àmọ́ gbígbẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń wò nínú fídíò yẹn ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà. Ohun méjì ló sábà máa ń pa á: omi tí ò tó, àti kánáàlì tí kò lẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn tó wá ya fọ́tò bá ti lọ sílé.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú àwọn kánáàlì òyìnbó náà yẹ̀ wò, èyí tí mo fura pé ó wà nínú fídíò yín, torí òun ni wọ́n máa ń tọ́ka sí jù. Kennet and Avon ni orúkọ rẹ̀, ó wà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máìlì 87 ni ó gùn. Ọdún 1810 ni wọ́n parí rẹ̀ kí ọkọ̀ ẹrù lè máa tinú odò Thames dé apá Bristol. Reluwé dé, ó gba oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di 1852, iléeṣẹ́ reluwé Great Western fúnra rẹ̀ ló ra kánáàlì náà. Ẹni tó ń bá ọ dù oníbàárà ló wá di ọ̀gá rẹ. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ìyẹn ṣe máa ń parí. Nígbà tó fi máa di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, omi ti gbẹ láwọn ibì kan, àwọn ilẹ̀kùn onígi tó ń dá omi dúró ti jẹrà. Àwọn ará àdúgbò kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń kọ ìwé sí ìjọba, wọ́n ń tọrọ owó, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì máa ń wá kó ẹrẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1990 ni Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá ṣí i. Ó tó bí ogójì ọdún tí wọ́n fi jà á. Ẹ bá mi sọ iye yẹn fún àwọn ọ̀dọ́ yín, torí fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta ò lè gbà á.

Ìjà ogójì ọdún yẹn kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ jù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Ọbabìnrin lọ ni. Kánáàlì yẹn gun òkè, ó sọ̀kalẹ̀, orí òkè yẹn ò sì ní omi tó tó. Àwọn tó kọ́ ọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́ sí ibì kan tó ń jẹ́ Crofton láti máa fa omi gòkè. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1812 ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní Caen Hill, lẹ́bàá ìlú Devizes, àtẹ̀gùn omi 16 ló tò tẹ̀ lé ara wọn bọ̀ láti orí òkè, ìyẹn àwọn yàrá omi onílẹ̀kùn tó ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ kan bá gba ọ̀kan kọjá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún gálọ́ọ̀nù omi ló ń bá a lọ sísàlẹ̀, kì í sì í dá gòkè padà. Wọ́n ti ṣí kánáàlì tán, síbẹ̀ omi ò tó. Ó di kí wọ́n máa ti àtẹ̀gùn náà pa nígbà míì. Ọdún 1996 ni wọ́n tó rí ẹ̀rọ gbé sí Caen Hill láti máa dá omi náà padà sókè. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n rí mílíọ̀nù 25 owó pọ́n-ùn gbà nínú owó tẹ́tẹ́ lọ́tìrì ìjọba láti fi parí ohun tó kù.

Báwọn tí òjò ń rọ̀ fún yípo ọdún bá lè ṣí kánáàlì kí omi má tó, àwa ńkọ́, tí òjò wa ń dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹwàá tí kì í sì í padà dáadáa títí di oṣù Kẹrin? Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn gan-an sì ni ẹ ń wá omi sí. Nínú òjò, kò sẹ́ni tó nílò kánáàlì yín.

Torí náà, ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Ní ìparí oṣù Kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ẹ lọ sí odò tó ń ṣàn bọ́ sínú ìsédò yín. Ẹ wá ibi tó lọ tààrà, tí kò sí òkúta tàbí igi tó dábùú rẹ̀. Ẹ na okùn mítà mẹ́wàá sí etí rẹ̀. Ẹ fi igi wọn fífẹ̀ àti jíjìn omi níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ ro wọ́n pọ̀, kí ẹ sì fi iye ibi tí ẹ ti wọn pín in. Kí ẹnì kan ju ọsàn sínú omi lókè, kí ẹlòmíì mú fóònù dání, kó ka ìṣẹ́jú àáyá tí ọsàn náà fi dé òpin okùn. Ọsàn ni mo wí, kì í ṣe ewé tàbí ike, torí ọsàn máa ń léfòó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ara rẹ̀ máa ń wà lábẹ́ omi, atẹ́gùn ò lè máa tì í kiri. Ẹ ṣe é tó ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ ká ní odò náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó jìn ní 15, ọsàn sì lo ìṣẹ́jú àáyá 40. Ìyẹn ni pé omi ojú òkè ń rin ìdámẹ́rin mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi ìsàlẹ̀ kì í yára tó tòkè, ẹ yọ ìdá márùn-ún kan kúrò. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀ tán, lítà 18 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè kó gbogbo rẹ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ń pọn nínú rẹ̀, ẹja ń gbé inú rẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n fi ìdajì sílẹ̀. Ó ku mẹ́sàn-án. Kánáàlì oníyẹ̀pẹ̀ tó gùn ju kìlómítà méjì lọ, tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ò jẹ́ yanrìn tí kò sì jẹ́ amọ̀ pátápátá, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 omi rẹ̀ ló máa ń dé oko. Tó bá jẹ́ yanrìn, ìdá 60. Tó bá jẹ́ amọ̀ gidi, ìdá 80. Ẹ ní lítà mẹ́fà àti díẹ̀ lẹ́nu oko. Ewébẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ máa ń fẹ́ tó lítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún hẹ́kítà kan. Hẹ́kítà mẹ́fà rèé, bí éékà 15.

Fún ìlú kékeré, éékà 15 tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá àti ata nígbà tí ọjà Ọ̀fà àti ti Ìlọrin ń wá wọn lójú méjèèjì, owó ni. Ó tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ ṣe làálàá. Àmọ́ tó bá jẹ́ lítà márùn-ún péré ni ẹ rí lójú odò lákọ̀ọ́kọ́, ìyẹn ò ní ju éékà mẹ́rin àti díẹ̀ lọ lẹ́yìn gbogbo ìyọkúrò. Èmi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ gbẹ́ kìlómítà mẹ́ta torí éékà mẹ́rin. Ẹ gbẹ́ kànga sínú àkùrọ̀, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fa omi, ẹ fi kánáàlì sílẹ̀ bí ohun ìrántí. Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́ yín.

Ẹnì kan lè ní ìsédò ń bẹ, pé omi tó ti kó jọ nígbà òjò náà á ràn wá lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, tí kò bá tíì kún fún ẹrẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tàbí ohunkóhun tó lè léfòó gun orí rẹ̀, ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ jù ú sí ibi púpọ̀ kí ẹ mọ bó ṣe jìn sí. Kí ẹ sì rántí oòrùn. Láàrin oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, pàápàá tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, omi tó ṣípayá lè dín ní mìlímítà márùn-ún sí mẹ́fà lójúmọ́. Ní bí oṣù márùn-ún, ìyẹn ti sún mọ́ mítà kan. Ìsédò tí omi rẹ̀ ò jìn ju mítà kan lọ, oòrùn ló máa kọ́kọ́ mu ún, oko á mu ìyókù.

Tí omi bá tó, ẹ wá wo ìdí kánáàlì. Ẹ gbẹ́ ihò kéékèèké sínú rẹ̀, ní bí igba mítà síra wọn, ẹ bu omi kún wọn lálẹ́, kí ẹ padà lọ wò wọ́n láàárọ̀. Ihò tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ dáa. Èyí tó gbẹ kanlẹ̀, ibẹ̀ ni owó yín máa wọlẹ̀ sí. Àwọn tó gbẹ́ kánáàlì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú sìmẹ́ńtì òde òní nígbà náà; amọ̀ ni wọ́n fi tẹ́ ìdí rẹ̀. Wọ́n á gé amọ̀ náà wẹ́wẹ́, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fẹsẹ̀ pò ó títí tí afẹ́fẹ́ ò fi ní sí nínú rẹ̀ mọ́, wọ́n á tún tẹ́ òmíràn lé e. Ó lè nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Nígbà míì wọ́n á da màálù gba orí rẹ̀ kí pátákò bá wọn tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá amọ̀kòkò wa ní Dada, ní Òkèlele, máa rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá gbọ́ pé ìmọ̀ ẹnjinníà ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Ohun kan wà nípa amọ̀ yìí: kò gbọdọ̀ gbẹ. Tó bá gbẹ, ó sán nìyẹn, omi á máa gba ojú sísán náà jò. Tiyín ti gbẹ fún ogún ọdún. Bí àwọn tó kọ́ ọ bá tiẹ̀ fi amọ̀ tẹ́ ìdí rẹ̀, ẹ máa tún un pò láwọn ibi tó ń jò. Ẹ má jẹ́ kí kọngílá kankan tàn yín pé kí ẹ fi kọnkéré bo gbogbo kìlómítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fi kọnkéré sí ibi tí omi ti ń wọlé, ibi tí ẹ máa fi ilẹ̀kùn irin sí, ibi tí ọ̀nà dábùú rẹ̀, àti ibi yanrìn tó burú jù. Amọ̀ tó fún ìyókù.

Ìdàgẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Kánáàlì oníyẹ̀pẹ̀ ò gbọdọ̀ dà gẹ̀rẹ̀ jù, torí omi á máa kó ìdí rẹ̀ lọ. Kò sì gbọdọ̀ tẹ́ jù, torí ẹrẹ̀ á jókòó síbẹ̀. Ìdajì mítà nínú kìlómítà kan dára fún irú tiyín. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá láti kọ́kọ́ mọ èyí. Ẹ wá bíríkìlà kan tó nífarabalẹ̀ àti róbà funfun tí wọ́n ń rọ omi sí láti fi mú ìpele ilé. Èèkàn dé èèkàn, ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé. Sọ̀féyọ̀ lè wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kàn, òun ni mo sì rò pé ó máa gbà yín lákòókò jù. Ẹ má fi kátápílà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́lé sójú ọ̀nà omi. Ní 1980, ní Bákólórí lápá ìwọ̀ oòrùn àríwá, lórí iṣẹ́ ìsédò àti kánáàlì ìjọba, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti owó gbà-má-bínú tí àwọn àgbẹ̀ ò rí gbà di rògbòdìyàn. Àwọn ọlọ́pàá yìnbọn, àwọn àgbẹ̀ kú. Iṣẹ́ tiyín kéré sí ìyẹn lọ́nà tó pọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ìjà ti ń wá kan náà ni. Ẹ lọ bá ọba tàbí baálẹ̀, ẹ lọ bá àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì kánáàlì, ẹ lọ bá ìjọba ìbílẹ̀, torí òfin ilẹ̀ 1978 fún wọn láṣẹ lórí ilẹ̀ ìgbèríko. Tí ilé méjì tàbí mẹ́ta péré bá wà lójú ọ̀nà, ó sábà máa ń dín wàhálà kù kí omi yà gba ẹ̀gbẹ́ kọjá nínú páìpù tàbí gọ́tà tuntun ju kí ẹ wó ilé lọ. Ìwé àdéhùn ni kí ẹ bá gbogbo wọn ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn bàbá ò ní dá àwọn ọmọ wọn dúró.

Kí ẹ tún wá ẹni tó ni kánáàlì gan-an. Ó lè jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, ó lè ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Ríbà Bésìn, àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó omi odò àti ìbomirin. Ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn àjọ yẹn sílẹ̀. Lower Niger ni tiwa, Ìlọrin níbí sì ni orílé-iṣẹ́ wọn. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ béèrè bóyá máàpù tàbí ìwé kankan wà nípa ìsédò yẹn. Tí ẹ bá rí máàpù àtijọ́ kan, ẹ ti rí ẹ̀rí tí ẹ máa gbé síwájú àwọn onílé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbẹ́ ẹ tán ńkọ́? Kánáàlì máa ń kún fún ẹrẹ̀ lọ́dọọdún. Ọ̀wẹ̀ dára fún ọjọ́ tí ẹ máa ṣí i. Gbogbo ọ̀dọ́ á jáde, obìnrin á se oúnjẹ, ọba á wá. Ọ̀wẹ̀ ọdún kẹrin ni kí ẹ rò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, àjọ aláàánú kan tó ń jẹ́ Canal & River Trust ló gba ìtọ́jú bíi 2,000 máìlì kánáàlì àti odò lọ́wọ́ ìjọba ní 2012. Ó ní òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù, ó sì ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Lọ́dọ̀ wa níbí, nígbà tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó iṣẹ́ TRIMING ní 2014 láti tún àwọn ibi ìbomirin ńlá apá àríwá Nàìjíríà ṣe, Bákólórí àti odò Kánò wà lára wọn, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n gbájú mọ́ ni kí àwọn àgbẹ̀ tó ń lo omi dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ yẹn máa gba owó omi, kí ó sì máa tọ́jú ẹ̀ka kánáàlì tó wà lẹ́nu oko wọn.

Irú ẹgbẹ́ yẹn ni kí ẹ dá sílẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè yín o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Àwọn tó ń dáko nínú àkùrọ̀ ni kó wà lọ́wọ́ wọn, nítorí àwọn ni ebi máa pa tí omi bá dáwọ́ dúró. Tó bá jẹ́ obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbin ewébẹ̀ níbẹ̀, kí obìnrin di akápò, kí wọ́n sì wà níbi tí wọ́n bá ti ń pín ọjọ́ omi. Ẹni tó ń gbé òkè kánáàlì máa ń fẹ́ gba omi ẹni tó wà nísàlẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn omi ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni òkè. Kí wọ́n dá owó díẹ̀ lórí éékà kọ̀ọ̀kan lọ́dún, kí wọ́n fi sílé ìfowópamọ́, kí wọ́n fi sanwó fún ẹnì kan ṣoṣo tó ń rin etí kánáàlì láti òkè dé ìsàlẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹnì kan yẹn níye lórí ju ogún èèyàn tó wá lọ́jọ́ kan lọ.

Àwọn darandaran náà ń bẹ. Màálù tó ń wá omi ní oṣù Kejì ò mọ ohun tó ń jẹ́ ààlà. Tí ẹ ò bá ṣe ibi mímu omi kan fún wọn, tí ẹ fi òkúta tẹ́ ibẹ̀, tó jìnnà sí oko, wọ́n á wọ inú kánáàlì fúnra wọn, wọ́n á sì wó etí rẹ̀ wálẹ̀. Kí ọba pè wọ́n sí ìpàdé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àìsàn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, mi ò sì ní fi bò fún yín. Omi tó ń fà díẹ̀díẹ̀, tí ewéko kún inú rẹ̀, ni ìṣáwùrú kéékèèké tó ń gbé àìsàn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ kiri fẹ́ràn jù. Àwọn ọmọdé tó ń lúwẹ̀ẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ mú. Kí omi máa ṣàn, kí wọ́n máa kó ewéko kúrò, kí wọ́n jẹ́ kí kánáàlì gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan níbi tí ìdí rẹ̀ jẹ́ kọnkéré. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí amọ̀ wà, ẹ ti mọ ìdí. Kí ẹ bá àwọn nọ́ọ̀sì ìlú yín sọ ọ́. Oògùn rẹ̀ wà. Tí kánáàlì bá gba àárín ilé kọjá, ẹ bò ó. Ẹ̀yin náà ti dúró lórí afárá Amilẹ́gbẹ̀ rí, ẹ sì ti rí ohun tí àwa ará Ìlọrin ń dà sínú odò Asà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Rárá ni ìdáhùn mi. Ọkọ̀ ń rìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì torí kánáàlì kan já sí òmíràn. Èèyàn lè gbé inú ọkọ̀ kó máa lọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kìlómítà mẹ́ta yín bẹ̀rẹ̀ nídìí ìsédò, ó parí sínú oko ṣọkọ. Láti gbé ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ jìn kó sì fẹ̀ ju ohun tí oko fẹ́ lọ, gbogbo omi tí ẹ fi ọsàn wọn á sì wọ inú jíjìn yẹn lọ. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yín ò kíyè sí nínú fídíò yẹn ni ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà létí omi, níbi tí ẹṣin ti máa ń fa ọkọ̀ láyé àtijọ́. Àwọn tó ń rìn níbẹ̀, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń fi ìwọ̀ pẹja, pọ̀ gan-an ju àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lọ. Tiyín náà nílò ọ̀nà létí rẹ̀, kí bárò àti ẹni tó ń kó ẹrẹ̀ lè rí ibi gbà. Ẹ fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ gbin máńgòrò sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó jìnnà díẹ̀ sí etí omi kí gbòǹgbò má bàa la amọ̀. Àwọn tó bá wálé fún Iléyá tàbí Kérésì á ríbi ṣeré gbà, ẹ ò sì ní ra epo bẹntiróòlù kankan.